Ààbò nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ti di sọ́fítíwíà: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ da nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá rú ní láti máa wọ inú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé router kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ tó ń tọ́ ìsọfúnni sọ́nà, ló ń dá ìpinnu tirẹ̀ ṣe. Lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé OpenFlow, ìlànà tí wọ́n fi ń darí switch, jáde. Wọ́n yọ ìpinnu kúrò lára switch, ẹ̀rọ tó ń gbé ìsọfúnni láti ibì kan sí òmíràn, wọ́n kó o lé sọ́fítíwíà kan lọ́wọ́, èyí tí à ń pè ní controller. Ìyẹn ni SDN (software-defined networking). Ní oṣù Kẹwàá 2012, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ńláńlá gbé ìwé kan kalẹ̀ nílùú Darmstadt ní Jámánì. Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́ fún àpótí olówó gọbọi tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ṣe. Kí firewall (ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì), router àti core (àárín gbùngbùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì) di sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ lórí server tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà. Ìyẹn ni NFV (network functions virtualization). Èrò méjèèjì yìí ni wọ́n gbé 5G lé, 5G tí MTN bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2022.

Àyípadà yìí dára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣì ń ṣọ́ ọ bí a ṣe ń ṣọ́ ti àtijọ́. À ń ti yàrá server pa, a sì ń fi ibi tí àṣẹ ti ń wá sílẹ̀ gbayawu.

Lílo controller bí ẹ ṣe bá a

Ẹni tó bá gbé OpenDaylight, ọ̀kan lára àwọn controller tí wọ́n ń lò, kalẹ̀ máa bá orúkọ admin àti pásíwọọ̀dù admin níbẹ̀. Ti ONOS, controller mìíràn, ni onos àti rocks. Kì í ṣe àṣírí, ó wà nínú ìwé ìlànà wọn tí gbogbo ayé ń kà. Àwọn òṣìṣẹ́ á ní àwọn kàn fẹ́ fi dán nǹkan wò ni. Ìdánwò á ṣiṣẹ́ dáadáa, ọ̀gá á ní kí wọ́n so oníbàárà mọ́ ọn, pásíwọọ̀dù àkọ́kọ́ ò sì ní kúrò níbẹ̀. Port 8181 (ẹnu ọ̀nà kan lórí server) ni wọ́n ti ń darí àwọn méjèèjì, HTTP lásán tí kò bo ohunkóhun. Ẹni tó bá ti wọlé síbẹ̀ ò ní láti fọ́ ẹ̀rọ kankan mọ́. Á kàn sọ fún controller pé kí gbogbo ohun tó ń lọ sí báńkì kan gba ọ̀dọ̀ òun kọjá, gbogbo switch á sì gbọ́ràn.

Òmíràn wà tó kéré lójú gan-an. Bí wọ́n ṣe ń so Open vSwitch, switch tó jẹ́ sọ́fítíwíà, mọ́ controller nìyí:

ovs-vsctl set-controller br0 tcp:10.0.0.5:6653

Ẹ wo tcp yẹn, ìsopọ̀ lásán tí kò bo ohun tó ń gbé. Gbogbo àṣẹ tí controller bá fún switch náà á máa rìn ní ìhòòhò. Ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà lè kà á, ó lè fi tirẹ̀ kún un, ó tiẹ̀ lè ṣe bíi pé òun gan-an ni controller. Kí ẹ tó lè kọ ssl, èyí tó ń bo ọ̀rọ̀, síbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe sátífíkéètì fún switch àti fún controller kí wọ́n lè dá ara wọn mọ̀, wàhálà yìí lọ̀pọ̀ ń sá fún. Ìlànà OpenFlow fúnra rẹ̀ dá kún un, torí ó gbà kí èèyàn lo TCP lásán. Ẹ má wo ti ìlànà níbi tí owó àti ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn èèyàn ti ń kọjá.

Controller ò sì lójú. Ìsọfúnni kékeré tí wọ́n ń pè ní LLDP ló fi ń mọ bí àwọn switch ṣe so mọ́ra: ó ń gba inú switch kan jáde, ó ń gba inú òmíràn wọlé padà. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí fi hàn níbi àpérò ààbò kọ̀ǹpútà NDSS pé kọ̀ǹpútà oníbàárà lásán lè ṣe ayédèrú LLDP, kí controller sì gbà pé ọ̀nà wà níbi tí kò sí ọ̀nà. Ẹ má gba LLDP wọlé láti port (ojú ìsopọ̀ lára switch) tí oníbàárà wà.

Gbígbà pé VM ò lè jáde nínú àhámọ́ rẹ̀

NFV jẹ́ kí firewall báńkì kan àti sọ́fítíwíà ilé iṣẹ́ mìíràn wà lórí server kan náà, kálukú nínú VM tirẹ̀ (kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà dá), hypervisor ló sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Sọ́fítíwíà ni hypervisor náà. Ní oṣù Karùn-ún 2015, ilé iṣẹ́ ààbò CrowdStrike kéde àbùkù kan nínú QEMU, sọ́fítíwíà tí ọ̀pọ̀ hypervisor ń lò. VENOM ni wọ́n pe àbùkù náà. Ó ti wà níbẹ̀ láti 2004, nínú kóòdù tó ń ṣe bíi floppy disk, ohun tí kò sẹ́ni tó ń lò mọ́. Kódà bí ẹ ò bá fi floppy sí VM yín, kóòdù náà ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì ní àṣẹ nínú VM kan lè gbabẹ̀ bọ́ sórí server tó gbé gbogbo wọn. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ibi tí kọ́kọ́rọ́ SIM àwọn oníbàárà wà bá sọ́fítíwíà àjòjì gbé orí server kan, bó ti wù kí àyè há tó.

Ẹ má sì máa sún àtúnṣe síwájú. Oṣù Kejì 2021 ni VMware ti gbé àtúnṣe àbùkù kan nínú ESXi, hypervisor rẹ̀, jáde. Nígbà tí ransomware ESXiArgs (sọ́fítíwíà tó ń ti fáìlì pa láti fi gba owó) ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún server pa kárí ayé ní oṣù Kejì 2023, CERT-FR, àjọ ààbò kọ̀ǹpútà ti ilẹ̀ Faransé, kìlọ̀ pé ó jọ pé àbùkù ọdún méjì sẹ́yìn yẹn ni wọ́n gbà wọlé. Àwáwí tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé hypervisor ò ṣeé dá dúró torí oníbàárà wà lórí rẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn VM yìí ló ṣeé ṣí lọ sórí server mìíràn láì pa wọ́n, kí ẹ tún èyí tó ṣófo ṣe. Ara ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ra NFV nìyẹn.

Iṣẹ́ tí ẹ ò lò, àmọ́ tó wà nínú sọ́fítíwíà yín

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Nílùú Áténì lórílẹ̀-èdè Gíríìsì, láàárín 2004 sí 2005, àwọn kan ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lórí fóònù tó lé ní 100 tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Vodafone. Fóònù olórí ìjọba, Kostas Karamanlis, wà níbẹ̀, ti àwọn mínísítà wà níbẹ̀, ti olórí ìlú Áténì náà wà níbẹ̀.

Wọn ò gbé ẹ̀rọ kankan wọlé. Switch AXE tí Ericsson ṣe, ẹ̀rọ tó ń so ìpè pọ̀, ni Vodafone ń lò. AXE kì í ṣe SDN, àmọ́ sọ́fítíwíà ló ń darí rẹ̀. Nínú àtúnṣe kan ni Ericsson ti fi apá tí wọ́n fi ń gbọ́ ìpè lábẹ́ òfin sí i. Vodafone ò tíì ra apá kejì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń darí rẹ̀, tó sì ń ṣàkọsílẹ̀ ẹni tí wọ́n ń tẹ́tí sí. Apá tó ń ṣe ẹ̀dà ìpè wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, ó kàn sùn sílẹ̀ ni. Àwọn ọ̀daràn náà kọ sọ́fítíwíà tiwọn, wọ́n tì í bọ inú switch nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n jí apá tó sùn yẹn dìde, wọ́n sì ń rán ẹ̀dà ìpè lọ sórí àwọn fóònù tí wọ́n ti rà sílẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ní kí switch to gbogbo sọ́fítíwíà inú rẹ̀, tiwọn ò ní hàn.

Ní oṣù Kìíní 2005, wọ́n tún sọ́fítíwíà wọn ṣe, ó sì bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́: àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn oníbàárà ò dé ibi tó ń lọ mọ́. Àìdé àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ló mú kí Ericsson wádìí, nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta, wọ́n ti rí i. Vodafone ní kí wọ́n yọ ọ́ kíá, wọ́n sì yọ ọ́. Ìyẹn ló ta àwọn ọ̀daràn náà lólobó, wọ́n pa fóònù wọn kí ẹnikẹ́ni tó lè tọ ipasẹ̀ wọn. Lọ́dún 2006, ADAE, àjọ tó ń dáàbò bo àṣírí ìbánisọ̀rọ̀ ní Gíríìsì, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 76 euro lé Vodafone.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi iṣẹ́ tí wọn ò lò sílẹ̀. Switch tí wọ́n ti bà jẹ́ ni wọ́n ní kó wá jẹ́rìí ara rẹ̀. Wọ́n sì pa ẹ̀rí rẹ́ kí wọ́n tó ronú. Lónìí, kò sí ìdí fún ìkankan nínú wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta sọ́fítíwíà fún yín, kó kọ gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì yọ èyí tí ẹ ò lò. Pípa á lásán ò tó. Ẹ jẹ́ kí log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀) máa lọ sórí server tí ẹni tó ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò láṣẹ láti pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ fi ohun tó wà lórí server wé èyí tí olùtajà fọwọ́ sí. Bí ẹ bá sì rí àjèjì nínú VM kan, ẹ kọ́kọ́ ya snapshot rẹ̀ (ẹ̀dà bó ṣe wà gan-an), ti disk àti ti memory, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àwọn ará Áténì ò ní irú àǹfààní yẹn.

Ọ̀nà kan náà fún oníbàárà àti fún ẹni tó fẹ́ tún un ṣe

Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 2022, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Rogers, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Kánádà, kú. Oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù 12 lọ̀rọ̀ kàn, Interac tí wọ́n fi ń sanwó ní ṣọ́ọ̀bù dákẹ́, àwọn kan pe nọ́ńbà pàjáwìrì 911, kò wọlé. Kò sí hacker níbẹ̀. Ìpele kẹfà nínú ìpele méje àtúnṣe kan ni wọ́n ń ṣe, wọ́n yọ àsẹ́ kan kúrò nínú ètò router, ìsọfúnni nípa ọ̀nà wá ya lu àwọn router inú core títí wọ́n fi ṣubú. Torí pé àwọn ìpele ìṣáájú lọ dáadáa, ètò tó ń díwọ̀n ewu ti ní ewu èyí kéré. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ wọlé lọ tún un ṣe, àmọ́ core tó kú náà ni ọ̀nà tiwọn gbà. Fóònù wọn kú pẹ̀lú, àfìgbà tí wọ́n rí SIM ilé iṣẹ́ mìíràn. Ó tó nǹkan bíi wákàtí 14 kí wọ́n tó mọ ohun tó fà á.

Ohun tí òṣìṣẹ́ ṣèèṣì ṣe yẹn, ọ̀tá lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àṣẹ controller máa gba inú àwọn switch tó ń darí kọjá láìsí ọ̀nà mìíràn, torí òfin kan tó ṣì lè gé controller kúrò lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Ẹ ra ìlà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn fún ìdarí nìkan, kí ẹ sì máa lò ó lóṣooṣù láti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.

Sátífíkéètì náà ń pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ́nù tó ń lo O2 tàbí giffgaff máa rántí ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 2018, tí data ò ṣiṣẹ́, tí pátákó tó ń sọ àsìkò bọ́ọ̀sì dákẹ́. Sátífíkéètì kan nínú sọ́fítíwíà Ericsson ló kọjá ọjọ́ rẹ̀, SoftBank ní Jàpáànù sì kó sí i lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ní kí olùtajà sọ ọjọ́ tí gbogbo sátífíkéètì inú ọjà rẹ̀ máa parí, títí kan àwọn tí kò hàn sí yín.

Core 5G

Ìlànà TS 33.501 ti 3GPP, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ti ṣètò TLS (ìbòrí ọ̀rọ̀) láàárín àwọn ẹ̀yà core, àti àṣẹ OAuth 2.0 tí ẹ̀yà kan máa gbà lọ́wọ́ NRF, ẹ̀yà tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn yòókù, kó tó bá òmíràn sọ̀rọ̀. Ẹ má pa wọ́n torí pé ilé kan náà ni gbogbo wọn wà. Bí slice méjì (ìpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dá dúró) bá jọ ń lo ẹ̀yà kan, kí ẹ̀yà náà wò ó bóyá slice tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀ ni ẹni tó ń béèrè wà. Ilé iṣẹ́ ààbò AdaptiveMobile Security fi hàn lọ́dún 2021 pé láìsí èyí, slice kan lè gba ìsọfúnni ti èkejì.

Ó wá ku nọ́ńbà ìdánimọ̀ inú SIM. Ní 4G, nọ́ńbà yẹn lè jáde sójú afẹ́fẹ́ láìbò, òun sì ni àwọn tó ń lo IMSI catcher (ẹ̀rọ tó ń jí nọ́ńbà yẹn) ń wá. 5G ṣètò kí fóònù fi kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ bò ó kó tó rán an, SUCI ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ ìlànà fi àyè null-scheme sílẹ̀, tí fóònù á rán SUCI láì bo ohunkóhun. Ẹ ṣí ìsọfúnni ìforúkọsílẹ̀ fóònù kan nínú Wireshark, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń wo ohun tó ń lọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ wo protection scheme ID, nọ́ńbà tó ń sọ bí wọ́n ṣe bò ó. 1 àti 2 ń bò ó. Bí ẹ bá rí 0, nọ́ńbà oníbàárà yín ń lọ ní gbangba, iṣẹ́ sì wà láti ṣe lórí SIM tí ẹ ń tà àti lórí UDM yín, ẹ̀yà core tí ìsọfúnni oníbàárà wà.