Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣírò wákàtí tí kọ́ọ̀sì ọ́nláìnì máa gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kẹ́ ẹ tó gbé kọ́ọ̀sì sórí ayélujára, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe DLC (ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn ní Yunifásítì Ìbàdàn) n'Ìbàdàn níbí, Dùgbẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà bọ̀ lálẹ́, wọ́n á ṣì gbọ́únjẹ ọmọ kí wọ́n tó jókòó ti fóònù.

Orí yúnìtì, ìyẹn ohun tí yunifásítì fi ń díwọ̀n iṣẹ́ inú kọ́ọ̀sì, ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Yúnìtì kan, wákàtí lẹ́kíṣọ̀ 15 ni ní sẹ̀mẹ́sítà, tó bá jẹ́ práktíkà ó di 45. Kọ́ọ̀sì yúnìtì 3 á jẹ́ wákàtí 45, ẹ fi wákàtí méjì-méjì tí wọ́n máa fi dá kàwé kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 135, ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ 15, wákàtí 9 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Inú 9 yẹn náà ni fídíò, ìwé, ìjíròrò, tẹ́ẹ̀sì àti ásáínmẹ́ǹtì ti máa jáde o! Ní Yúróòpù, wákàtí 25 sí 30 ni wọ́n ń ka kírẹ́díìtì kan (ohun tí àwọn fi ń díwọ̀n kọ́ọ̀sì tiwọn) sí, iṣẹ́ tí ọmọ ṣe nílé wà níbẹ̀.

Ìwé kíkà ló máa ń tàn wá jù. Ẹ má ka ojú ewé, iye ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ kà. Ojú ewé 20 tí ọ̀rọ̀ 450 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 9,000, ẹni tó fẹ́ kó yé òun, tó tún ń kọ nǹkan sílẹ̀, tó bá ń ka 100 ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan àtààbọ̀ ló máa gbà á. Àwa tá a ti ka ìwé yẹn láìmọye ìgbà ò lè fi ara wa wọ̀n ọ́n. Mo gbé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan fún àbúrò mi kan l'Ágbowó, mo ti kọ wákàtí méjì síbẹ̀, márùn-ún ló lò, mo sì rí bó ṣe rẹ̀ ẹ́, ó dùn mí gan-an. Ẹ wá ẹni tí ò mọ kọ́ọ̀sì náà rí, kẹ́ ẹ máa wo aago.

Àkókò fídíò, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á dá a padà, iná á lọ. Ìjíròrò náà, ẹ ka àkókò tí wọ́n fi ń ka tàwọn yòókù mọ́ ọn.

Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ bi wọ́n pé wákàtí mélòó ni wọ́n ń lò. Ohun tó bá lé lórí 9, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ má sọ pé kí wọ́n kàn sáré kà á.