Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Tí Ó Ń Jẹ Owó Àwọn Tí Ó Ń Lọ Sí Tẹ́ńpìlì Jain ní Gujarat àti Rajasthan

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé ní ìlú Ahmedabad, ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní India. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó máa ń sin ẹbí wọn wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn níbí, nígbà tí ara aláìsàn bá sì ti ń yá, èmi ni mo máa ń mú wọn lọ sí àwọn tẹ́ńpìlì àti òkè mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Jain, ẹ̀sìn àtijọ́ kan ní India. Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá rí ẹni tí ó ti san owó mọ́tò, tí ó ti san owó òtẹ́ẹ̀lì, tí ó wá dé ẹnu ọ̀nà tán kí wọ́n tó dá a padà. N kò ní máa ṣàlàyé ẹni tí Mahavira, olùkọ́ ńlá ẹ̀sìn náà, jẹ́ tàbí bí a ṣe ń gba físà, nítorí ẹni tí ó ń ka èyí ti mọ ìyẹn. Àwọn àṣìṣe tí ìbéèrè kan ṣoṣo lórí fóònù ìbá ti dènà ni mo fẹ́ bá yín wí lé lórí.

1. Lílọ sí Palitana ní ìgbà òjò

Èyí ni ó ń dùn mí jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Òkè Shatrunjaya ní ìlú Palitana, ní Gujarat, ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Jain kà sí ibi mímọ́ jù lọ: àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 3,000, tẹ́ńpìlì tí ó wà lórí rẹ̀ sì ju 800 lọ. Àmọ́ lọ́dọọdún, láti ìgbà tí òṣùpá bá ti kún ní nǹkan bí oṣù Júláì títí di ìgbà tí ó bá kún ní nǹkan bí oṣù Nọ̀fẹ́ńbà, wọn kì í gun òkè náà. Chaturmas ni wọ́n ń pe oṣù mẹ́rin yìí.

Ní oṣù Ògọ́sítì ọdún 2018, bàbá kan láti Ìbàdàn, pẹ̀lú ìyàwó wọn àti ọmọ méjì, fúnra wọn ṣètò ìrìn àjò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n háyà mọ́tò láti Ahmedabad, ọ̀nà tí ó lé ní 200 kìlómítà, wọ́n sì san owó òtẹ́ẹ̀lì fún alẹ́ méjì. Ẹni tí ó gba owó lọ́wọ́ wọn kò sọ fún wọn pé òkè ti tì. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbéra gan-an ni wọ́n pè mí pé kí n bá wọn lọ. Mo sọ ohun tí mo mọ̀, bàbá ní àwọn ti sanwó tán, pé bí a bá débẹ̀ a ó rí ọ̀nà gbé e gbà.

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí wọ́n ń pè ní Jay Taleti, a bá àwọn ìyá arúgbó aláṣọ funfun tí wọ́n kúnlẹ̀, tí wọ́n ń júbà òkè láti ìsàlẹ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkùnrin tí ó ń ṣọ́ ọ̀nà sọ̀rọ̀, wọ́n ní iye yòówù tí ó bá fẹ́ ni àwọn yóò san. Ọkùnrin náà kò bá wọn jiyàn. Ó lóṣòó, ó sì nawọ́ sí etí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Kòkòrò pupa kékeré kan, tí kò tó èékánná ọmọ ìka, tí ara rẹ̀ ń dán bí aṣọ àrán, ń rìn lọ lórí òkúta tútù náà. Òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tí a tẹjú mọ́lẹ̀ dáadáa, a rí i pé wọn kò lóǹkà, àwọn àti èèrà, láàárín ewéko wẹ́wẹ́ tí ó ń yọ ní ojú ihò òkúta. Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣe bí ẹsẹ̀ tí ó ń tẹ ilẹ̀, ó sì mi orí. Bàbá kò sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ títí a fi padà sínú mọ́tò.

Ohun tí gbogbo rẹ̀ dá lé nìyẹn. Pípa ohun ẹlẹ́mìí ni èèwọ̀ tí ó ga jù lọ lọ́dọ̀ wọn, ìgbà òjò sì ni ohun ẹlẹ́mìí máa ń pọ̀ jù lórí ilẹ̀. Ìdí kan náà ni ó fà á tí àwọn mọ́ńkì wọn, tí wọn kì í wọ ọkọ̀, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti ìlú dé ìlú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, fi máa ń jókòó sí ojú kan fún oṣù mẹ́rin yìí. Kò sí owó tí ẹ lè fi lọ̀ wọ́n tí yóò ṣí òkè náà. Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka ọjọ́, nítorí náà ọjọ́ títì àti ọjọ́ ṣíṣí kì í dúró sí ojú kan lọ́dọọdún. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì lọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, nítorí èrò ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni mo máa ń mú àwọn ènìyàn mi lọ.

Ní ìgbà tí ó tilẹ̀ ṣí, ẹ má dúró di ìgbà tí oòrùn bá mú. Ìdájí ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í jẹun lórí òkè náà, wọn kì í sì í sùn níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, olúkúlùkù, títí kan àwọn tí ń ṣiṣẹ́ nínú tẹ́ńpìlì, gbọ́dọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn kí ó bá àwọn tí ń fi àga doli gbé ènìyàn dúnàádúrà ní ìsàlẹ̀, kí ó má dúró di àárín ọ̀nà tí yóò ti rẹ̀ ẹ́, nítorí iye tí wọ́n bá pè níbẹ̀ ni yóò san.

2. Dídé Ranakpur tàbí Dilwara ní òwúrọ̀

Ní Rajasthan ni tẹ́ńpìlì méjèèjì wà. Ẹni tí ó bá jáde ní ìlú Udaipur ní aago mẹ́fà àárọ̀ yóò ti dé Ranakpur kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ìta ni yóò sì jókòó sí, nítorí ọ̀sán ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn Jain. Ti àwọn olùjọ́sìn ni òwúrọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Dilwara lórí Òkè Abu. Mo ti rí tọkọtaya tí wọ́n ní láti dé Jodhpur kí ilẹ̀ tó ṣú, tí wọ́n wo ògiri ìta Ranakpur, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n sì lọ láì rí òpó 1,444 tí wọ́n ní kò sí méjì tí ó jọra nínú wọn. Odi Kumbhalgarh, tí kò jìnnà sí Ranakpur, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ ní òwúrọ̀, nítorí Ọba Kumbha tí ó kọ́ odi náà ni ó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí Dharna Shah bẹ̀rẹ̀ tẹ́ńpìlì Ranakpur ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá ti odi dé tẹ́ńpìlì lẹ́yìn ọ̀sán, ilẹ̀kùn yóò ti ṣí, oòrùn yóò sì máa gba àárín àwọn òpó wọlé.

Ní Dilwara, ẹ fún tẹ́ńpìlì Vimal Vasahi ti ọdún 1031 àti tẹ́ńpìlì Luna Vasahi ti ọdún 1230 ní àkókò, kí ẹ sì gbé ojú sókè. Wọ́n gbẹ́ òkúta mábù ibẹ̀ débi pé etí òdòdó rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ewé. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé ìwọ̀n ìyẹ̀pẹ̀ òkúta tí àwọn oníṣẹ́ ọnà bá ha kúrò ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ wọn.

3. Gbígbé awọ wọlé

Bẹ́líìtì, pọ́ọ̀sì, okùn aago: bí ó bá ti jẹ́ awọ, ẹ fi í sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ má ṣe torí Dilwara ra kámẹ́rà olówó gọbọi, nítorí ẹnu ọ̀nà ni kámẹ́rà àti fóònù yóò dúró. Ẹ wọ aṣọ tí ó bo èjìká àti orúnkún. Àkọlé ẹnu ọ̀nà sì máa ń sọ pé kí obìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù má wọlé. Ẹ mọ èyí ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà rin ọ̀nà jíjìn lásán.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tún wà níbẹ̀. Màmá kan gbé ẹja gbígbẹ àti pọ̀ǹmọ́ láti Òṣogbo wọ ilé àlejò àwọn ẹlẹ́sìn Jain kan. Kò pẹ́ tí òórùn rẹ̀ fi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kí a máa lọ, a sì di ẹni tí ń wá ibi tí a ó sùn ní alẹ́, ní ìlọ́po mẹ́ta owó tí a ti san tẹ́lẹ̀. Ní Palitana, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní ọdún 2014, lẹ́yìn tí àwọn mọ́ńkì gbààwẹ̀ láti fi ẹ̀hónú hàn, ìjọba fòfin de pípa ẹran níbẹ̀. Ẹran nìkan kọ́ sì ni èèwọ̀. Ohun tí a bá hú láti inú ilẹ̀ kì í wọ inú ìkòkò wọn: kò sí iṣu, kò sí ọ̀dùnkún, kò sí àlùbọ́sà, kò sí aáyù. Ata ilẹ̀ tútù pàápàá kò yẹ, ṣùgbọ́n wọ́n ń lo èyí tí ó ti gbẹ. Wọn kì í sì í jẹun lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá dé ilé oúnjẹ wọn, bhojanshala, ní aago mẹ́jọ alẹ́ yóò fi ebi sùn.

Bí ẹnì kan bá sún mọ́ yín nínú tẹ́ńpìlì, tí ó fi ìyẹ̀fun igi sandal tọ́ yín níwájú orí, tí ó ṣàdúrà ṣókí, tí ó sì ní kí ẹ mú owó wá, ẹ mọ̀ pé kò di dandan. Àpótí wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ta tẹ́ńpìlì lọ́rẹ. Ẹ má sì nawọ́ owó sí mọ́ńkì, nítorí wọn kì í fi ọwọ́ kan owó, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan mọ́ńkì ọkùnrin láti kí i.

Àṣìṣe ìkẹyìn ni ti Girnar, òkè mímọ́ kan lẹ́bàá ìlú Junagadh ní Gujarat: ọkọ̀ orí wáyà tí wọ́n ṣí ní ọdún 2020 ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gbogbo àtẹ̀gùn bí 10,000 tí ó wà níbẹ̀ ti di ohun ìgbàgbé. Wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, wọ́n á sọ̀ ní ibi tẹ́ńpìlì Ambaji, wọ́n á wo ìsàlẹ̀, wọ́n á sì padà. Ambaji kì í ṣe tẹ́ńpìlì Jain, ti àwọn ẹlẹ́sìn Hindu ni. Tẹ́ńpìlì Neminatha, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ mímọ́ ẹ̀sìn Jain, àti àwọn tí ó yí i ká wà ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ní nǹkan bí 4,000 àtẹ̀gùn láti ẹsẹ̀ òkè, ọkọ̀ náà kì í sì í dúró níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan ni kí ẹ rà. Kí ẹ fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti Ambaji wá sí ibi Neminatha, kí ẹ sinmi níbẹ̀, kí ẹ tó máa bá àtẹ̀gùn lọ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́.