Bí A Ṣe Kọ̀wé Béèrè Owó fún Ijó Aṣọ Olónà ní Ìjẹ̀bú-Òde

Àwa mẹ́rin la kó ara jọ: oníjó kan láti Ṣàgámù, onílù kan, èmi tí mo máa ń kọ eré, àti ìyá kan tó ń hun aṣọ olónà, aṣọ tí wọ́n máa ń hun àwòrán bí ọ̀nì àti ọ̀pọ̀lọ́ sí lára, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹnì karùn-ún wa ń gbé ní Ulm, ní Jámánì. Oníjó lòun náà. A fẹ́ kí ìyá máa hun aṣọ lórí ìtàgé, kí ìró igi pẹlẹbẹ tó fi ń tẹ òwú mọ́ra di ìlù, kí àwọn oníjó sì máa fara sọ ibi tí aṣọ Ìjẹ̀bú ti rìn dé.

Ó kúkú rìn jìnnà. Aṣọ tí àwọn olóyè àti Òṣùgbó, ìyẹn ẹgbẹ́ Ògbóni nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ń gbé lé èjìká nílé, orí omi ọ̀sà ni àwọn oníṣòwò gbé e gbà títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ijaw, tí aṣọ ọ̀hún di ohun ẹ̀yẹ lọ́wọ́ wọn. Àwọn obìnrin Akwete nílẹ̀ Ìgbò rí i, wọ́n sì hun tiwọn. Ní ti Ulm, ọpọ́n Ifá kan wà nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn níbẹ̀, òun àti ẹ̀wù òwú láti apá ọ̀dọ̀ wa, tó ti wà nínú àkójọ oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Weickmann láti 1659. Mo kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́, torí ìbéèrè tí olówó máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn ni pé kí ló kan Jámánì níbẹ̀.

Ẹni tó bá ń wá irú owó yìí, kó ka ohun tí wọ́n là kalẹ̀ dáadáa kó tó máa dá ara rẹ̀ lágara. Owó tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ń yọ lábẹ́ àdéhùn ọdún 2005 lórí onírúurú àṣà wà fún gbígbé ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà lápapọ̀ ró. Eré kan ṣoṣo bíi tiwa kò bá a mu. Èyí tó bá wa mu ni ti Goethe-Institut, ilé iṣẹ́ àṣà ilẹ̀ Jámánì, fún iṣẹ́ àjọṣe: orin, ijó, tíátà, kí alábàáṣiṣẹ́ kan sì wà ní Jámánì. Ká ní a fẹ́ kàn kó aṣọ há ara ògiri ni, kò sí tiwa níbẹ̀.

Kí n tó kọ gbólóhùn kan, mo lọ kí bàbá kan nínú Òṣùgbó. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Bàbá wò mí títí.

“Ta ni yóò wọ aṣọ náà jó?”

“Àwọn ọmọ yín ni, bàbá.”

“Ẹ jó ọ̀nì, ẹ jó ọ̀pọ̀lọ́, kò burú. Èyí tó wà léjìká mi yìí, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi.”

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe kọ ọ́: àwọn ọnà tí a máa lò, àwọn tí a ò ní fọwọ́ kàn, àti ẹni tó fún wa láṣẹ. Lójú tèmi, ìpínrọ̀ yẹn wúlò ju gbogbo ewì tí mo kọ nípa àṣà lọ.

Ètò ìnáwó ló gba ọpọlọ jù. Nínú èyí tí alábàáṣiṣẹ́ wa kọ́kọ́ tò ránṣẹ́, abẹ́ ohun èlò ni ìyá wà, òun àti òwú. Ìyá fúnra rẹ̀ ló là á yé wa nígbà tí mo kà á fún un. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé owó aṣọ lẹ fẹ́ san fún mi ni àbí owó iṣẹ́?” Òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ iye aṣọ la san, ọjọ́ tó bá fi ń bá wa ṣe ìgbáradì, tí kò hun ti oníbàárà kankan, ti gbé. Mo gbé orúkọ rẹ̀ sáàárín àwọn òṣèré, owó kan náà pẹ̀lú oníjó. Òwú wá dúró láyè tirẹ̀. A tún sún ìgbáradì sẹ́yìn Ojúde Ọba, àjọ̀dún Ìjẹ̀bú-Òde tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, torí ṣáájú ìgbà yẹn iṣẹ́ máa ń kún ọwọ́ rẹ̀. Iléyá sì ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ti èṣí, ẹ yáa wo kàlẹ́ńdà.

Wọn kì í san irú owó yìí tán lẹ́ẹ̀kan. Òwú ni mo fi síwájú nínú ìpín àkọ́kọ́. Yúrò la fi kọ iye, a sì kọ déètì tí a wo iye náírà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn ìyá olówùú lọ́jà kì í já rìsíìtì, nítorí náà a tẹ tiwa dání: ọjà, iye, orúkọ, ìbuwọ́lùwé tàbí ìtẹ̀ka. Àkáǹtì ẹgbẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lowó gbà wọlé.

Lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí i, a kọ àdéhùn ojú ewé kan, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì: orúkọ ìyá gbọ́dọ̀ wà lára pátákó ìpolówó, aṣọ tó bá hun lórí ìtàgé sì di tirẹ̀. Ará Ulm béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ìyá ní òun á tà á ni, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má dúnàádúrà, torí aṣọ tó ti wọ bàálù lọ Jámánì jó, òun àti ti inú ìsọ̀ òun kì í ṣe ẹgbẹ́.