Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ fẹ́ mọ Bíbélì kà, Sáàmù tẹ́ ẹ ti mọ̀ lórí ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí wà fún ẹ̀yin bàbá àti màmá wa tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ẹ ò bá ti mọ̀wé kà àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Kò pẹ́ rárá. Ẹni ọdún 85 ni Kélẹ́bù inú Bíbélì nígbà tó ní kí Jóṣúà fóun ní òkè Hébúrónì kóun lọ jagun gbà á, ó wà nínú Jóṣúà 14.

Màmá mi ti lé ní 70 ká tó bẹ̀rẹ̀. A ò kọ́kọ́ fi a b d dà wọ́n láàmú, Sáàmù 23 tí wọ́n ti mọ̀ lórí tipẹ́ la ṣí, wọ́n á fi ìka sábẹ́ "Olúwa" ní ẹsẹ 1, wọ́n á pè é, wọ́n á wá fojú wá "Olúwa" tó wà ní ẹsẹ 6, ọjọ́ tí wọ́n dá a rí fúnra wọn ńṣe ni wọ́n pariwo "Jésù o ṣé!" títí aládùúgbò fi yọjú. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ sí Sáàmù 117, ẹsẹ méjì péré ni.

Ẹ ra Bíbélì onílẹ́tà ńlá o, ẹ sì lọ yẹ ojú wò kẹ́ ẹ tó ra gíláàsì. Àárọ̀ lẹ́yìn àdúrà ló dáa jù, ìṣẹ́jú 15 ti tó. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ má máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn, ẹ ní sùúrù kí wọ́n pè é tán.