Bí mo ṣe to ìtàn Walter Tull jọ fún rédíò

Olóòtú ètò eré ìdárayá kan ní rédíò ló ní kí n kọ ìtàn agbábọ́ọ̀lù ayé àtijọ́ kan tó tún lọ sógun, èyí tí wọn yóò kà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo dárúkọ Walter Tull. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti dáa. Ẹ ṣáà ti sọ pé òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́." Àkọ́kọ́ nínú kí ni?

Ìparí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í fi àkọsílẹ̀ ikú ọmọ ogun wọn ṣeré. Àjọ tó ń tọ́jú sàréè wọn ní ìkànnì tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo tẹ orúkọ rẹ̀, ó jáde: Second Lieutenant (ipò ọ́físà tó kéré jù), Middlesex Regiment, ó kú ní 25 oṣù Kẹta 1918. Kò ní sàréè. Ara ògiri ìrántí Arras ní Faransé ni orúkọ rẹ̀ wà, torí wọn ò rí òkú rẹ̀ gbé nígbà tí àwọn Jámánì ya lù wọ́n nítòsí Favreuil.

Mo wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Folkestone, ní Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí ní 1888. Káfíńtà láti Barbados ni bàbá rẹ̀, ọmọ ẹrú; ọmọ Kent ni ìyá rẹ̀. Ìyá kú ní 1895, bàbá tẹ̀ lé e ní 1897. Agbára ìyàwó tí bàbá fẹ́ kẹ́yìn ò ká gbogbo ọmọ, ni wọ́n bá mú Walter àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Edward lọ sílé ọmọ aláìlóbìí ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Bethnal Green. Ẹbí kan ní Glasgow gba Edward tọ́, ó di dókítà eyín. Walter kù síbẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé.

Bristol ni mo pẹ́ lórí ẹ̀ jù. Tottenham gbà á ní 1909, wọ́n mú un lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Argentina àti Uruguay, nígbà tí sáà sì bẹ̀rẹ̀, ó wà nínú ikọ̀ àgbà. Nínú oṣù Kẹwàá wọ́n lọ bá Bristol City. Apá kan nínú èrò ìwòran ń bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀, èébú tó burú débi pé akọ̀ròyìn kan fi ìbínú kọ ọ́ síwèé ìròyìn, ó sì ní nínú gbogbo àwọn ará iwájú tó wà lórí pápá, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gbá tó Tull lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ tó fi bá ara rẹ̀ nínú ikọ̀ kejì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 10 àti góòlù 2 péré ló ní lọ́dọ̀ wọn. Mi ò kọ ọ́ pé èébú ló fà á. Mo kàn to ọ̀rọ̀ méjèèjì tẹ̀ léra, kí olùgbọ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ní 1911, Herbert Chapman, tó ń darí ikọ̀ Northampton, gbà á síbẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí ààyè gbá bọ́ọ̀lù dáadáa.

Oṣù Kejìlá 1914 ló wọṣẹ́ ológun, nínú bàtálíọ̀nù tí wọ́n kó àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ sí. Ó ja ogun Somme ní Faransé, nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Òfin ológun ìgbà yẹn kò fẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe òyìnbó pátápátá ṣe ọ̀gá lórí àwọn ọmọ ogun, síbẹ̀ wọ́n fi í ṣe ọ́físà ní oṣù Karùn-ún 1917. Ní Ítálì, ọ̀gágun Lawford yìn ín fún ìgboyà rẹ̀.

Ó wá ku "àkọ́kọ́". Arthur Wharton, tí wọ́n bí sí Accra, ti ń gba owó gẹ́gẹ́ bí aṣọ́lé nínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù Rotherham láti 1889, nígbà tí Tull ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún kan. George Bemand, ọmọ Jamaica, ti di ọ́físà ní 1915. Nítorí náà, "ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́" ni mo kọ, mo sì dárúkọ àwọn méjèèjì. Ti àmì ẹ̀yẹ Military Cross tí wọ́n ní wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún, lẹ́tà tí ọ́físà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sí Edward ló sọ ọ́. Wọn ò fún un.

Nígbà tí mo kà á sókè, ó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo yọ Argentina àti Uruguay. Olóòtú fẹ́ kí n yọ òfin ológun náà, mo ní rárá, torí láìsí i, ta ló máa mọ bí ipò yẹn ṣe wúwo tó? Ó gbà.