Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Má Háyà Mọ́tò Mọ́: Àṣìṣe Tí Àwọn Èèyàn Wa Ń Ṣe ní Rheinland-Pfalz

Iṣẹ́ mi ni kí n máa mú àlejò kiri ní Rheinland-Pfalz, ìpínlẹ̀ kan ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì tí odò Rhine àti odò Mosel ti pàdé ní Koblenz. Inú ń bí mi. Owó táwọn èèyàn wa ń fi ṣòfò níbí kì í ṣe kékeré, orí nǹkan kan náà ni wọ́n sì ń ná an lé lọ́dọọdún. Mi ò ní sọ̀rọ̀ físà tàbí ẹ̀wù òtútù, ìyẹn ti yé gbogbo wa.

1. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì "Frankfurt" láìka orúkọ pápákọ̀ òfurufú rẹ̀ tán. Frankfurt-Hahn kò sí ní Frankfurt. Orí òkè Hunsrück ló wà, nǹkan bíi kìlómítà 120 sí ìlú náà, reluwé àwọn èrò kò sì dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ Mosel lẹ ń lọ tààrà, kò burú. Bó bá jẹ́ Frankfurt ni wọ́n ti ń dúró dè yín, owó bọ́ọ̀sì á jẹ èrè tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú yẹn tán.

2. Ẹ má dé lálẹ́ Sátidé láìní oúnjẹ lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú.

3. Ẹ má háyà mọ́tò. Ibi tó ń dùn mí jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Àlejò á balẹ̀, á gba mọ́tò ní pápákọ̀, á san owó ínṣọ́ránsì, owó epo, owó páàkì, á wá gbé gbogbo rẹ̀ wá síbi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì láti ayé àwọn ará Róòmù. Ta ló máa wa mọ́tò padà? Bí ọlọ́pàá bá yẹ̀ yín wò tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ yín bá ti dé 0.5 promille (ìyẹn ìdajì nínú ìdá kan ti ẹgbẹ̀rún), Yúrò 500 ni owó ìtanràn fún ẹlẹ́ṣẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ò sì ní wa mọ́tò fún oṣù kan. Nítorí náà, ẹnì kan nínú ìdílé, ìyàwó ló sì sábà máa ń jẹ́, á jókòó ti omi inú ìgò láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ó san owó ọkọ̀ òfurufú bíi ti àwọn yòókù o.

Ẹ̀gbọ́n kan wá láti London pẹ̀lú ìdílé wọn. Òtẹ́ẹ̀lì wọn wà ní St. Goarshausen, lápá ọ̀tún Rhine, nítòsí àpáta Loreley. Wọ́n wọ fẹ́rì tòun ti mọ́tò, wọ́n lọ jẹun alẹ́ ní St. Goar lódìkejì omi. Oúnjẹ dùn, ọ̀rọ̀ dùn, ìgbà tí wọ́n fi padà sétí omi, fẹ́rì ti ṣíwọ́. Wọ́n ń wo iná òtẹ́ẹ̀lì wọn lọ́ọ̀ọ́kán, wọn ò sì lè dé ibẹ̀. Láti Bingen títí dé Koblenz, ó lé ní kìlómítà 60, mọ́tò kò rí afárá kankan gbà lórí Rhine. Wọ́n wà á lọ sí Koblenz, wọ́n sọdá, wọ́n tún wà á padà wá. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè mí: "Àbúrò, kí ló dé tó ò sọ fún mi?" Mo sọ. Mo ní kí wọ́n sùn sí Koblenz, torí reluwé ń gba etí Rhine lápá méjèèjì. Àmọ́ wọ́n ti sanwó mọ́tò tán, ẹni tó ti sanwó kì í fẹ́ gbọ́ nǹkan míì.

Ẹ wo ilé olódi Eltz náà, tí ìdílé kan ṣoṣo ti ń jogún bọ̀ fún ohun tó lé ní 800 ọdún. Mọ́tò àlejò kì í dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ máa sanwó páàkì, ẹ sì tún máa fẹsẹ̀ rìn tàbí kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì kékeré. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú reluwé ní Moselkern á gba inú igbó lọ lẹ́bàá odò Elz, kò ní pé wákàtí méjì tí ilé náà á fi yọ sí i láàárín igi. Nígbà òtútù wọ́n máa ń tì í, ẹ má lọ bá kọ́kọ́rọ́.

Láti Koblenz dé Cochem, etí omi Mosel ni reluwé ń gbà. Lẹ́yìn Cochem ó wọ ihò abẹ́ òkè tó gùn tó kìlómítà mẹ́rin, ó yọ sí Ediger-Eller, ibẹ̀ lẹ ti máa rí Calmont. Ọgbà àjàrà orí òkè náà dà gẹ̀rẹ́ débi pé ó tó dígírì 65 láwọn ibì kan. Katakata kò lè gùn ún, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kórè, ojú irin kékeré ló ń gbé òṣìṣẹ́ àti èso lọ sókè sódò. Ní Bullay, afárá kan náà ni reluwé ń gbà lókè tí mọ́tò ń gbà nísàlẹ̀. Reluwé kò dé Bernkastel-Kues. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Wittlich, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì.

Tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Èèyàn márùn-ún lè jọ lo Rheinland-Pfalz-Ticket kan lóòjọ́, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ kọ orúkọ yín sí i kí ẹ tó wọlé. Bí wọ́n bá bá yín láìní tíkẹ́ẹ̀tì tó péye, Yúrò 60. Ẹni tó bá gba Deutschlandticket, tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri Jámánì, kó fagi lé e kí ọjọ́ kẹwàá inú oṣù náà tó kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á tún yọ owó oṣù tó ń bọ̀.

Ó kan wáìnì wàyí. Ẹ má rà á létí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já àlejò sílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní jẹ́ kí ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ wá Straußwirtschaft: ilé àgbẹ̀ alájàrà tó gbé ìgbálẹ̀ tàbí ewé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, tó ń ta wáìnì tirẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ díẹ̀. Oṣù mẹ́rin péré ni òfin gbà wọ́n láyè lọ́dún, àyè ìjókòó ò sì gbọdọ̀ ju 40 lọ, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra. Bí wọ́n bá kọ trocken sára ìgò, kò ní ládùn ṣúgà. Feinherb, tó ládùn díẹ̀, ló máa ń bá ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa lára mu. Àgbẹ̀ tó bá bu mẹ́fà méje fún yín tọ́ wò, ẹ ra ó kéré tán ìgò kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń tì mí lójú nígbà tí àwọn àlejò mi bá mu tán tí wọ́n nu ẹnu, tí wọ́n dìde.

Trier: ẹ má ya fọ́tò Porta Nigra, ẹnubodè ìlú àtijọ́, kí ẹ sì máa sáré lọ. Nǹkan bí ọdún 170 ni àwọn ará Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, láìfi nǹkan kan lẹ òkúta pọ̀. Irin ni wọ́n fi so òkúta mọ́ òkúta. Ẹ sún mọ́ ògiri náà, ẹ máa rí ojú ihò níbi táwọn èèyàn ìgbà tó yá ti gbẹ́ irin yẹn jáde lọ lò. Ẹ gun òkè rẹ̀.

Speyer: ọ̀fẹ́ ni ẹ máa wọ kàtídírà ńlá náà. Ẹ san owó díẹ̀ tí wọ́n ń gbà ní abẹ́ ilẹ̀, torí ọba mẹ́jọ ló sùn síbẹ̀.

Nínú igbó Pfälzerwald, ẹ mú kéèṣì dání. Ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ igbó ló ń bójú tó ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ inú rẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ àti Wẹ́sìdé nìkan ni púpọ̀ wọn ń ṣí, wọn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ gba káàdì. Ìdajì lítà ni wọ́n ń bu wáìnì olómi gáàsì sí nínú ife tó ní ojú kòtò róbótó lára. Ẹ jẹun kí ẹ tó mu ún, torí wáìnì ló pọ̀ nínú ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gun òkè lọ sí ilé olódi Trifels, níbi tí wọ́n ti ti ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Richard, mọ́lé ní 1193, reluwé dé Annweiler nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ àkókò reluwé ìpadà sórí bébà kí ẹ tó kúrò níbùdókọ̀, torí nẹ́tíwọọ̀kì kì í wọ ọ̀pọ̀ àfonífojì igbó yẹn.