Ẹ̀yin tó ń lọ sí Tarkwa Bay, etíkun Èkó tí a ń wọ ọkọ̀ ojú omi dé, láti Ìbàdàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má gbára lé ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ láti Mọ́níyà. Kí ẹ tó dé Èbúté Mẹ́ta, kí ẹ tó wá rìn dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi, ọ̀sán ti pọ́n, ọ̀sán sì ni atẹ́gùn òkun máa ń le. Ẹ sùn sí Èkó mọ́jú, kí ẹ wọkọ̀ ní kùtùkùtù nígbà tí omi ṣì rọ̀. Inú Tarkwa Bay fúnra rẹ̀ dákẹ́, torí òkúta tí wọ́n fi dí ìgbì. Ojú ọ̀nà ibẹ̀, nítòsí ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, ló ń ju ọkọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ẹ jókòó sí, iwájú ló máa ń fò jù. Láífù jákẹ́ẹ̀tì tí okùn rẹ̀ bá ti já, ẹ dá a padà, kí awakọ̀ bínú bó ṣe fẹ́. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́, kó mu ẹ̀kọ díẹ̀, kó má fi àmàlà di ikùn (mo mọ̀ yín!), kó sì máa wo ọ̀ọ́kán, kì í ṣe fóònù. Ẹ má san gbogbo owó tán kí awakọ̀ tó padà wá gbé yín. Ìjọba ò fàyè gba ìrìn orí omi lálẹ́, nítorí náà ẹ sọ fún un pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.